Ọ̀dà Abẹ́ Ọ̀dà

Inú kẹ̀kẹ́ adaidaita ni Oyèníkẹ́ gbé pátákó náà sí wọ Niger Street, lọ́jọ́ Sátidé kan tí ọyẹ́ ti ń la àwọn ará Kánò létè. Pátákó ọ̀hún gùn tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó sì wúwo ju bó ti rí lójú lọ. Débọ̀ ló ń wá, átíìsì tó ń kọ ọ̀rọ̀ sára ògiri àti pátákó. Láti ìgbà tí bánà onírọ́bà ti gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, òun nìkan ló kù ní àdúgbò náà tó ṣì ń fi ọwọ́ kọ ọ́.

Ó bá a lórí àpótí níwájú ilé ọtí Charity, ó ń kọ orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì kan. Ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ẹnu, ó fi ètè fún un títí irun rẹ̀ fi ṣe ṣóńṣó, ó rì í bọ inú ọ̀dà, ó sì fa ìlà kan tó gún ṣánṣán láìlo rúlà. Oyèníkẹ́ gbàgbé ohun tó torí ẹ̀ wá fún bí ìṣẹ́jú kan.

"Sannu da zuwa, Àǹtí," ni Débọ̀ wí. "Ṣé iṣẹ́ lẹ gbé wá, àbí ẹ kàn wá wo ọwọ́ mi?"

"Ọwọ́ yín? Kí ló wà lára rẹ̀ tí mo fẹ́ wò?" Ṣùgbọ́n ó ti rẹ́rìn-ín kó tó sọ ọ́ tán.

Ọ̀rọ̀ òyìnbó márùn-ún ló wà lára pátákó náà: ALL TICKETS MUST BE SHOWN. Oyèníkẹ́ na ìwé pélébé kan sí i, èyí tí bàbá rẹ̀ fi bírò pupa kọ. Débọ̀ kà á, ó tún un kà.

"SHEWN? Haba! Àǹtí, ẹ ṣàánú mi. Bí mo bá gbé èyí síta, wọ́n á ní átíìsì yìí ò rí iléèwé sójú."

"Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, olùkọ́ ni mí, Gẹ̀ẹ́sì ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì. Bí wọ́n ti ń pe èyí ni wọ́n ń pe ìyẹn, ohun tí èyí túmọ̀ sí ni ìyẹn túmọ̀ sí. 'E' ni àwọn òyìnbó àtijọ́ fi ń kọ ọ́. Nígbà tó yá, wọ́n gba 'o', wọ́n sì pa 'e' tì. Bí ọmọ kíláàsì mi bá fi 'e' kọ ọ́ lónìí, màá fagi lé e."

"Ẹ óò fagi lé e! Kí ló wá dé tí ẹ ní kí n kọ ọ́?"

"Nítorí pé bí ẹ bá fi 'o' kọ ọ́ fún bàbá mi, ẹ ti bú bàbá tó bí i."

Ó wá jókòó, ó sọ ìtàn rẹ̀. Bàbá Àgbà, tó bí bàbá rẹ̀, ló máa ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu géètì ní ibùdókọ̀ ojú irin Kánò láyé òyìnbó. Abẹ́ pátákó yìí ló dúró sí fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n yọ pátákó náà fún un, ó sì gbé e kọ́ sókè ilẹ̀kùn pálọ̀ wọn ní Enugu Road. Lọ́dún kan, wọ́n gbé e fún oníṣẹ́ ọ̀dà kan pé kó tún un kùn, oníṣẹ́ náà rò pé àṣìṣe ni, ó fi 'o' rọ́pò 'e'. Bàbá Àgbà kò bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú.

"Bàbá mi ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin," ni Oyèníkẹ́ wí. "Ó ní òun kò ní kú kí pátákó bàbá òun máa purọ́."

Débọ̀ fi àtàǹpàkò pa ọ̀dà náà lára. Ẹ̀jẹ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ru sókè nínú rẹ̀. "Mi ò ní kàn kọ 'e' lé e lórí bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà àtijọ́ ní ìdúró tiwọn. Màá fá àwọn ọ̀dà wọ̀nyí kúrò ní ìpele-ìpele títí màá fi kan èyí tí Bàbá Àgbà mọ̀. Ẹ máa yà wò mí, kí ẹ lè mọ ibi tí iṣẹ́ dé."

Láti ọjọ́ náà, bí iléèwé bá ti jáde, Niger Street ni ẹsẹ̀ Oyèníkẹ́ ń gbé e lọ. Ó ní ibi tí iṣẹ́ dé lòun ń lọ wò. Ta ló ń tàn?

Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn ilé ọtí Charity tí Débọ̀ ń kó irinṣẹ́ sí. Ibẹ̀ ló ti ń fá pátákó náà, ó sì ti fèrèsé pa nítorí ọyẹ́. Sanpépà gbígbẹ àti ọ̀bẹ pẹlẹbẹ ló ń lò, torí omi lè ba ọ̀dà ìsàlẹ̀ jẹ́. Eruku funfun kọ́kọ́ jáde, pupa tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àwọ̀ ewé. Ó ń fi ẹnu fẹ́ ẹ kúrò lójú iṣẹ́, ó ń dà sí i lójú àti nímú.

"Ẹ wo ètè yín," ni Oyèníkẹ́ wí lọ́jọ́ kan, "bí ọmọ tó jí èlùbọ́ lá."

"Ẹ bá mi nù ún."

Ó fi ìka nù ún. Ìka náà pẹ́ níbẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Débọ̀ ní, "Ṣé kí n ṣì máa pè ọ́ ní 'ẹ̀yin'?"

"Má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́," ni Oyèníkẹ́ dáhùn, ó sì wo ilẹ̀.

Lọ́jọ́ ogójì, Débọ̀ pè é lórí fóònù pé kó sáré wá. Lábẹ́ 'o' ràgàjì náà, 'e' ti yọjú, ó rẹwà, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ìlà àárín rẹ̀ kò tó ìdajì àtàǹpàkò. Ẹni tó kọ ọ́ á ti jẹrà tipẹ́. Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń wò ó, ọwọ́ wọn sì wà nínú ara wọn kí wọ́n tó mọ̀.

"Níkẹ́ẹ, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mo ti fẹ́ sọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ̀rù ló bà mí. Ìwọ olùkọ́, èmi átíìsì."

"Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ, Débọ̀. Kí lo rò pé mo ń wá wò lójoojúmọ́, sanpépà?"

Inú wọn dùn lọ́jọ́ náà débi pé Charity yọjú láti ilé ọtí rẹ̀, ó ní, "Una two, wetin dey happen for there?"

Nígbà tí Débọ̀ gbé pátákó dé Enugu Road, Bàbá Oyèwálé, bàbá Oyèníkẹ́, akọ̀wé rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, fi ọwọ́ tọ 'e' náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọmọ, o ṣeun. Ìwọ lo mọ iṣẹ́."

Ṣùgbọ́n nígbà tí Oyèníkẹ́ kúnlẹ̀ lọ́jọ́ kejì láti sọ pé ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí lòun fẹ́ fẹ́, bàbá nu ojú rẹ̀ gbẹ. "Pátákó lọ́tọ̀, ọmọ lọ́tọ̀," ló wí. "Ilé yìí kì í fọmọ fọ́kọ láìṣèwádìí."

Díkìn Ernest ni ìwádìí bọ́ sí lọ́wọ́, nítorí òun ni wọ́n máa ń rán nínú ìjọ. Díkìn kò fi iṣẹ́ náà ṣeré. Àárọ̀ mẹ́ta gbáko ló fi jókòó sórí bẹ́ńṣì mai shayi tó kọjú sí ilé ọtí Charity, ó ń mu tíì, ó ń kọ ohun tó rí sílẹ̀.

"Bàbá, aago mẹ́wàá àárọ̀ ni o," ló wí nígbà tó wá jábọ̀. "Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tó fi jẹ́ pé ọwọ́ kejì ló fi di í mú kó tó lè kọ ọ̀rọ̀. Ó sáré sẹ́yìn ilé ọtí náà, ó bì. Ó fara ti ògiri bí ẹni tí ilẹ̀ ń yí lójú. Nígbà tí mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òórùn tó ń jáde lára rẹ̀, kí Ọlọ́run má jẹ́ n rí irú rẹ̀ mọ́."

Gbogbo ohun tí Díkìn Ernest sọ ló rí bẹ́ẹ̀. Ìyẹn gan-an ló burú níbẹ̀. Kò fi iyọ̀ sí i, kò fi ata sí i. Òórùn tínà tí wọ́n fi ń po ọ̀dà ló gbọ́, ó rò pé ògógóró ni.

"Ọ̀mùtí!" Bàbá Oyèwálé fi ọwọ́ lu àga. "Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ìwọ ni orí ilé yìí, Oyèníkẹ́. Mi ò ní fi ọ́ tẹ ilẹ̀ ilé ọtí."

"Bàbá mi, Débọ̀ kì í mutí."

"Ṣé ìwọ lò ń bá a jí láàárọ̀ ni?"

Ohun tó dun Oyèníkẹ́ jù ni pé òun náà ti rí i. Ó ti rí ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Ó ti rí i bí ṣẹ́ẹ̀tì ṣe ń tóbi sí i lọ́rùn Débọ̀, tí ó ń fi ikùn lé tábìlì pé inú ń run òun. Iyèméjì ti wọlé, ó sì ti jókòó.

Ó lọ bá a ní Ibo Road, níbi tó ti ń kọ ògiri ilé oúnjẹ kan lórí àkàbà. Débọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀, ó ń wá ibi tí yóò tẹ̀.

"Débọ̀, jọ̀wọ́, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ò ń mutí ni?"

Débọ̀ gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. "Ìwọ náà?"

"Ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n. O rù. Mo ní kí o lọ sí ọsibítù, o ò lọ. Kí ni kí n rò?"

"Ti Débọ̀ tí o mọ̀ ni kí o rò."

"Bàbá mi ní bí ó bá jẹ́ irọ́ ni, kí o wá búra níwájú ìjọ."

"Mi ò ní búra. Bí mo bá búra lónìí pé mi ò mutí, kí ni màá búra sí lọ́la?" Ó yí padà, ó di àkàbà mú, ọwọ́ náà sì ń gbọ̀n lára igi tó fi ń ró. "Máa lọ, Níkẹ́ẹ. Kí oòrùn má pa ọ́."

Ó lọ. Ó sunkún dé ilé, kò sì padà. Ìgbéraga wà níbí, ìgbéraga wà lọ́hùn-ún, oṣù mẹ́ta sì kọjá láàárín wọn. Oyèníkẹ́ kọ́ bí a ṣe ń gba ọ̀nà mìíràn lọ síbi iṣẹ́. Bàbá rẹ̀ ní ó ti gbọ́n. Òun nìkan ló mọ̀ pé òun kò gbọ́n, pé ó rẹ òun lásán ni.

Inú oṣù kẹrin, nígbà tí ooru Kánò ti dé ojú ẹ̀, Charity dúró lẹ́nu géètì iléèwé Oyèníkẹ́, sálúbàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bára mu.

"Teacher, na you I find come. Your man don fall. Since yesterday e no know person."

"Ṣé ó mutí ni?" Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó lè gbá a mú.

Charity wò ó tìyanu-tìyanu. "Drink? Which drink? Six years wey that man siddon for my front, e never buy one bottle. Na malt I dey dash am, sometimes e go even reject. Who tell you say Debo dey drink?"

Oyèníkẹ́ gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ní kí Charity mú òun lọ bá a.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù ló ti bá Ìyá Àbíkẹ́, ìyá Débọ̀, tó ń se ìrẹsì tà ní Ibo Road. Ó kúnlẹ̀. Ìyá Àbíkẹ́ kò ní kó dìde.

"Ìwọ lo pe ọmọ mi ní ọ̀mùtí."

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà. Ẹ má bínú."

"Mi ò bínú. Agbára rẹ̀ ò sí lára mi."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Dókítà Hajarat, ọmọdébìnrin ará Ìlọrin kan tí kò tíì ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ, pè wọ́n sí kọ̀rọ̀. Ó ní òjé, lead lédè òyìnbó, ló kún ẹ̀jẹ̀ Débọ̀. Ó ní òjé wà nínú oríṣi ọ̀dà kan, ti ayé àtijọ́ ló sì burú jù.

"Ọwọ́ gbígbọ̀n, inú rírun, èébì, òjé náà ni gbogbo ẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ sọ, Mà, pé láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́ ló ti ń fi ẹnu fún búrọ́ọ̀ṣì. Bó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ni, ara rẹ̀ ì bá ṣì máa tiraka. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ó fá ọ̀dà àtijọ́ kankan lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí? Níbi tí atẹ́gùn ò sí?"

"Ó fá ti pátákó ilé wa," ni Oyèníkẹ́ wí. Ìyá Àbíkẹ́ yíjú sí i.

"Kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti bàjẹ́," ni dókítà wí. "Ẹ má bínú, Mà. Ó ti pẹ́ jù."

Ọjọ́ kejì ni ojú Débọ̀ là. Ó rí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo rò pé o ò ní wá."

"Ẹ̀bi mi ni, olólùfẹ́ mi. Èmi ni mo gbé pátákó yẹn wá fún ọ. Èmi náà ni mo tún fi ọ́ sílẹ̀."

"Dákẹ́, má sunkún. Níkẹ́ẹ, ọ̀sẹ̀ kan péré ni iṣẹ́ yẹn. Èmi ni mo sọ ọ́ di ogójì ọjọ́. Bí mo bá fá ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, màá jókòó, màá máa fá ibì kan náà kiri, kí iṣẹ́ má bàa tán, kí o lè tún wá lọ́la."

Oyèníkẹ́ gbé orí lé àyà rẹ̀, ó sì sunkún bí ọmọ kékeré.

Nígbà tó délé, bàbá rẹ̀ wà ní pálọ̀. Ó rò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò jókòó, kò bọ́ bàtà. Bàbá Oyèwálé gbọ́ ọ tán, ó ní, "Nítorí lẹ́tà kan?"

"Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n, Bàbá!" Kò gbé ohùn sókè sí bàbá rẹ̀ rí láyé. "Méjèèjì ò yàtọ̀ síra! Ẹnikẹ́ni tó bá kà á, nǹkan kan náà ló máa kà! Èyí tí gbogbo ayé ti pa tì lẹ fẹ́, ó sì hú u jáde fún yín, ẹ sì pè é ní ọ̀mùtí!"

Bàbá kò bá a wí. "Wọ́n ní bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá," ló wí, ó sì wọ yàrá lọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi jáde. Díkìn Ernest wá, wọ́n ní bàbá ń sùn.

Ìyá Àbíkẹ́ pinnu pé òun ń gbé ọmọ òun lọ sílé, sí Ọ̀fà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́ mọ́, Débọ̀ fúnra rẹ̀ ló sì ní ibi tí wọ́n sin bàbá òun sí lòun fẹ́ wà. Kò sẹ́ni tó ní láti túmọ̀ ìyẹn fún ẹlòmíràn.

"Màá bá yín lọ, Mà," ni Oyèníkẹ́ wí.

"Gẹ́gẹ́ bíi kí ni?" Ohùn Ìyá Àbíkẹ́ kò le, ó rẹ̀ ẹ́ ni. "A ò tọrọ rẹ. Wọn ò fà ọ́ lé wa lọ́wọ́. Bí a bá délé, tí àwọn ìyàwó ilé bi mí pé ta nìyí, kí ni màá pè ọ́? Bí ó bá sì di ọjọ́ tí ojú ò fẹ́ rí, níbo ni màá ní kí o jókòó? Ọmọ ọlọ́mọ ni ọ́. Dúró lọ́dọ̀ bàbá rẹ."

"Gbọ́ tiwọn, Níkẹ́ẹ," ni Débọ̀ wí láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Má wá wo òpin mi."

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n gbé e wọ ọkọ̀ ní gáréèjì. Charity gbé ìrọ̀rí tirẹ̀ wá, ó fi tì í lẹ́yìn. Oyèníkẹ́ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó di ọwọ́ Débọ̀ mú, ọwọ́ tó ti fúyẹ́ bí ìwé. Àwọn agbèrò ń pariwo Ìlọrin, Ìlọrin. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń dágbére irú èyí.

"Ẹ̀yin tó ni ọkọ̀ yìí, ẹ dúró ná!"

Bàbá rẹ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀ nínú adaidaita. Agbádá funfun tó fi ń lọ síbi ìgbéyàwó ló wọ̀, ó sì ń wọ́ àpótí Oyèníkẹ́ lẹ́yìn ara rẹ̀. Ó gba iwájú ọmọ rẹ̀ kọjá láìwò ó, ó lọ dúró níwájú Ìyá Àbíkẹ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kan ilẹ̀. Ìyá Àbíkẹ́ ta gìrì sẹ́yìn.

"Bàbá! Ẹ dìde! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jù mí lọ!"

"Ìyá Débọ̀, mo ṣèwádìí ọmọ yín, mo ṣì í ṣe. Mi ò ní ẹnu tí mo lè fi bẹ̀ yín. Ọmọ mi ni mo mú wá. Mo fà á lé yín lọ́wọ́."

"Bàbá, a ò gbé nǹkan kan wá tọrọ rẹ̀. A ò san owó orí rẹ̀."

"Ọmọ yín ti san án."

Ó yí padà. "Oyèníkẹ́, kúnlẹ̀."

Ó kúnlẹ̀ sórí ọ̀dà títì inú gáréèjì, láàárín epo mọ́tò àti èèpo ìrèké. Bàbá gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà tí gbogbo bàbá ìyàwó mọ̀ sórí. Ó ní ọ̀nà á là fún un. Ó ní orí rẹ̀ á gbà á. Ó ní, "Ẹ̀yìn ìyàwó ò ní..." ó sì dúró. Àdúrà ọmọ ló kàn. Ojú rẹ̀ lọ sára Débọ̀ nínú ọkọ̀, ètè rẹ̀ mì, kò lè sọ èyí tó kù. Charity, tí kò gbọ́ Yorùbá, rò pé àdúrà ti parí, ó pariwo, "Amen!"

"Àmín," ni Débọ̀ dáhùn láti inú ọkọ̀.

Bàbá fa ọmọ rẹ̀ dìde. "Ọkọ rẹ ti jókòó tán. Kí lo tún ń dúró dè?"

Oyèníkẹ́ wọlé, ó jókòó, ó gbé orí Débọ̀ lé èjìká rẹ̀. Kò wẹ̀yìn nígbà tí ọkọ̀ ń jáde, torí ó mọ̀ pé bí òun bá wẹ̀yìn, ohun tí òun máa rí ní ojú bàbá òun á bá òun dé Ọ̀fà. Wọ́n kọjá Sàríà. Níbẹ̀ ni Débọ̀ ti la ojú, tó ń fi ahọ́n wá ètè rẹ̀. Ìyá Àbíkẹ́, tó jókòó níwájú, na ìgò kan sẹ́yìn láìyí orí padà.

"Ìyàwó," ló wí, "fún ọkọ rẹ lómi. Díẹ̀díẹ̀ ni o."